Ẹ má tíì kọ ìwé ìfẹ̀yìntì náà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní ó ti lé ní 20 ọdún tí ẹ ti ń ṣe akọ̀wé owó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní ìlú Oǹdó, àti pé ìgbìmọ̀ tuntun ní kí ẹ kọ ìwé ìfẹ̀yìntì ná, kí wọ́n tó ṣírò ohun tí ó tọ́ sí yín. Ẹ má tíì kọ ọ́. Àkúrẹ́ ni èmi ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, láti ìgbà tí mo ti ń gbé ìwé àkọsílẹ̀ lọ sí ìpàdé àwọn oníṣòwò Ọjà Ọba títí wọ́n fi fi mí ṣe alábòójútó, ojú mi sì rí màbo nígbà tí mo fẹ́ kúrò.

Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú 100 owó mi fún owó ìfẹ̀yìntì, ó sì hàn gbangba nínú ìwé owó oṣù mi. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ pé ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un, kí ó sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí ó bá san owó oṣù. Nígbà tí mo gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú owó náà, mo rí i pé odidi ọdún mélòó kan kọjá tí kọ́bọ̀ kò wọlé. Alága tuntun ní kí n lọ bi ìgbìmọ̀ àná. Alága àná ní ọwọ́ akápò ni ìwé wà. Akápò sì ti kó lọ sí Èkó. Ẹni tí ń yẹ ìwé owó wa wò, tí ń fi itọ́ sí ìka kí ó tó ṣí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ti ń buwọ́ lu ìwé yẹn lọ́dọọdún láìbéèrè ibi tí owó náà gbà. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ̀ ń jẹ ẹ̀pà, ó ń fẹ́ èèpo rẹ̀ sórí fáìlì mi, ó ní kí n ṣe sùúrù, pé ẹbí kan ni gbogbo wa nínú alájẹṣẹ́kù. Ẹbí wo ni ó ń jẹ owó ogbó ẹni? Ìgbà tí agbẹjọ́rò kọ̀wé sí wọn pé òfin fi owó ìtanràn tí kò dín ní ìdá 2 nínú 100 lé gbèsè bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san án díẹ̀díẹ̀.

Ní ti gírátúítì, ìyẹn owó ìdágbére tí agbanisíṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́ tí ó bá ń kúrò, inú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tàbí ìlànà iṣẹ́ yín ni kí ẹ ti wá a. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu alága gbọ́.

Bí ẹ bá tún jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, owó tí ẹ fi pamọ́ àti ìpín ìdókòwò yín yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n pò ó pọ̀ sínú ìwé kan. Ẹ wo orúkọ àwọn tí ẹ ṣe onídùúró fún pẹ̀lú. Wọ́n di ìfowópamọ́ mi mú nítorí àgbẹ̀ kòkó kan ní Ìdànrè tí kò tíì san ẹ̀yáwó rẹ̀ tán, èmi kò sì fojú kan ọkùnrin náà rí lẹ́yìn ọjọ́ tí mo buwọ́ lùwé fún un.

Bí ìjà bá dé, ọ̀dọ̀ olùdarí ọ̀rọ̀ alájẹṣẹ́kù ní ìpínlẹ̀ ni ti ìfowópamọ́ ń lọ, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ni ó ni ti owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì, ó sì ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́. Ìwé tí ẹ ó kọ́kọ́ kọ ni èyí tí ẹ ó fi béèrè ìṣirò náà. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ buwọ́ lu ti ọwọ́ yín, kí ó sì kọ ọjọ́ sí i.