Àbúrò mi ní owó tí mo yá òun kì í ṣe gbèsè. Kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Ní 2021, mo yá àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, ní ₦1,200,000 kó fi ra kẹ̀kẹ́ Márúwá. Owó alájẹṣẹ́kù wà nínú rẹ̀, èmi ni mo sì san èlé rẹ̀. A ò kọ ìwé. Inú àkáǹtì rẹ̀ ni mo san owó náà sí. Ó fún mi ní ₦150,000 ní 2022, látìgbà náà ó ti ń sá fún mi. Nígbà tí mo bi í léèrè ní ọdún Iléyá, ó ní ìrànlọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n sí àbúrò ni mo ṣe, àti pé ṣé òun kọ́ lòun ń tọ́jú màmá wa ni. Màmá wa ní kí n gbàgbé ẹ̀ nítorí tàwọn. Ọkọ mi ní ká fi ọlọ́pàá gbé e. Kí ni òfin wí?
Ìyá ọlọ́jà kan, Agége

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, mà. Ohun tó lágbára jù nínú lẹ́tà yín lẹ sọ kọjá bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan: ₦150,000 tó fún yín ní 2022. Ta ló ń san ẹ̀bùn padà?

Pé owó kúrò lọ́wọ́ yín, ìwé àkáǹtì yín ní báńkì á fi ìyẹn hàn. Ibi tí ìjà wà ni bóyá ẹ fún un ni tàbí ẹ yá a. Òfin sì ní ìlànà kan níbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: láàárín ẹbí, kóòtù kì í ka gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu sí àdéhùn. Ẹjọ́ tọkọtaya kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, Balfour àti Balfour, ló sọ ìlànà yìí di gbajúmọ̀, àwọn kóòtù wa náà sì ń lò ó. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè owó lẹ máa fi hàn pé ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ lọ́jọ́ náà pé owó á padà wá. Ó ṣeé fi hàn o. Bí owó bá pọ̀, tó jẹ́ ti òwò, tí ẹni tó gbà á sì ti san díẹ̀ níbẹ̀, adájọ́ á rí nǹkan dì mú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yín.

Kí n dá ọkọ yín lóhùn. Ẹ má fi ọlọ́pàá mú un. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn tìtorí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é. Àmọ́ bí àbúrò yín bá rí lọ́yà tó mọṣẹ́, ó lè pe ọlọ́pàá àti ẹ̀yin náà lẹ́jọ́ pé ẹ tẹ ẹ̀tọ́ òun lójú, kí ẹni tí wọ́n jẹ lówó wá di ẹni tó ń san owó gbà-máà-bínú. Ìgbà tọ́rọ̀ lè kan ọlọ́pàá ni bó bá jẹ́ pé irọ́ ló fi gba owó náà, bíi kó jẹ́ pé kò ní Márúwá kankan lọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ẹ má lọ gba kọ́kọ́rọ́ Márúwá lọ́wọ́ ẹ̀ náà o. Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹni tí wọ́n jẹ lówó lè rán ológò lọ jókòó ti onígbèsè nílé, kó máa pariwo, kó máa pa adìyẹ àgbàlá jẹ, títí ojú á fi ti àwọn ará ilé tí wọ́n á dáwó jọ. Lónìí, ológò ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé lọ sí tẹ́ṣàn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sí i lórí WhatsApp, láìsí èébú, láìsí èpè: “Àbúrò mi, ilé ńkọ́? Ọ̀rọ̀ owó Márúwá tí mo yá ọ ní 2021 ni. ₦1,200,000 ni, o ti san ₦150,000, ó ku ₦1,050,000. Èló lo lè máa san lóṣooṣù?”

Bó bá fèsì pé “ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní sùúrù, iṣẹ́ ò lọ déédéé”, ó ti gbà pé gbèsè ni. Bó bá ní ẹ̀bùn ni, ẹ bi í pé kí wá ni ₦150,000 ọjọ́sí wà fún. Bó bá dákẹ́, ohun tí ẹ kọ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì gba fóònù tuntun kẹ́ ẹ tó kó gbogbo rẹ̀ pamọ́. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 84, fàyè gba ohun tó bá ti inú ẹ̀rọ jáde, àfi pé ìwé kan gbọ́dọ̀ bá a rìn tó ṣàlàyé ẹ̀rọ náà àti bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde. Kẹ́ ẹ tún gba ìwé àkáǹtì ti 2021 àti 2022 ní báńkì, pàápàá ojú ewé tí ₦150,000 wà, bó bá jẹ́ pé báńkì ló gbà wọlé.

Ó wá ku màmá. Kò sẹ́ni tó lè yọ̀ǹda owó yín àfi ẹ̀yin fúnra yín. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Bí omijé màmá bá mú yín kọ ọ́ síbi tí ẹbí ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp pé “ẹ jẹ́ kó máa jẹ ẹ́ lọ”, gbólóhùn yẹn ni lọ́yà rẹ̀ máa gbé síwájú adájọ́. Ìtọ́jú màmá tó ń sọ kò pa gbèsè rẹ́ lójú òfin, àyàfi bẹ́ ẹ bá jọ ṣe é ládèéhùn. Lójú ẹbí, ó wúwo, mi ò sì ní tàn yín pé kò wúwo. Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lóṣooṣù, ẹ ṣírò ìpín tiyín kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò. Owó yín á dín, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tó máa fi bojú mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìpàdé. Ẹ má pe èrò: àgbà kan láti ilé bàbá, ọ̀kan láti ilé ìyá, àti áfáà tí ẹ̀yin méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún, bẹ́ ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí. Áfáà á mọ āyà 282 nínú Sūratul-Baqarah nínú Kùránì, tó ní kí wọ́n kọ gbèsè sílẹ̀ kí ẹlẹ́rìí sì wà ńbẹ̀. Á mọ āyà 280 náà, tó ní kí wọ́n fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò ròkè lákòókò. Ẹ ó nílò méjèèjì. Ohun tó ń ba irú ìpàdé yìí jẹ́ ni pé wọ́n á parí ìjà, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á jẹ àmàlà, kò sì ní sẹ́ni tó máa fa bírò yọ. Ojú ewé kan tó: iye tó kù, iye oṣooṣù, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, ìfọwọ́sí òun àti ti ẹlẹ́rìí méjì.

Bó bá kọ̀ láti wá, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n á kọ̀wé pè é, wọ́n á jókòó láàárín yín, wọ́n á sì kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí sílẹ̀.

Wọ́n á sọ fún yín pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo ti kíyè sí i pé ẹni tó jẹ gbèsè ló máa ń rántí òwe yìí jù. Bí ìlàjà ò bá ṣeé ṣe, Small Claims Court ti Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 lọ́dọ̀ àwọn májísíréètì, ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Ẹ máa kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù kóòtù béèrè owó náà lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fún un ní ọjọ́ 7. Ẹ lè rojọ́ fúnra yín láìgba lọ́yà (èmi lọ́yà ni mo sọ ọ́ o). Ọjọ́ 60 ni wọ́n ní kó fi parí. Ẹ máa retí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Ẹ má fi falẹ̀ ṣáá. Ọdún 6 ni òfin Èkó fún ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ irú gbèsè yìí. Ohun tó san ní 2022 lè jẹ́ kí wọ́n tún ọdún náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwé tó bá fọwọ́ sí pé òun jẹ yín náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé iyàn. Láti ọjọ́ tówó kúrò lọ́wọ́ yín ní 2021 ni kẹ́ ẹ ti máa kà á. Nítorí pé owó tó bá san lè tún ọdún náà bẹ̀rẹ̀, ₦5,000 péré, bó bá fi ránṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, lóòrìn ju bó ṣe kéré lọ. Ẹ gbà á, kẹ́ ẹ fún un ní rìsíìtì.

Ní ti èlé alájẹṣẹ́kù, bó bá mọ̀ nígbà náà pé nítorí òun lẹ ṣe yá a, tó sì ní òun á san èlé rẹ̀, ẹ lè béèrè rẹ̀. Bí ẹ ò bá bá a sọ ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sì dá èlé tiyín lé e lórí nísinsìnyí, torí ẹni tó bá ń yáni lówó èlé láìgba ìwé àṣẹ lè bá ara rẹ̀ nínú wàhálà Òfin Ayánilówó, àbúrò yín á sì rí nǹkan mìíràn sọ ní kóòtù. ₦1,050,000 ni kẹ́ ẹ kọ, tàbí iye tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yọ ìpín oògùn màmá.