Èsì: Ṣé Harbaugh nìkan ló gba ife 2023 fún Michigan?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wá bóyá Jim Harbaugh, olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá, nìkan ló gba ife orílẹ̀-èdè fún Michigan, ẹgbẹ́ American football ti Yunifásítì Michigan, ní sáà 2023. Rárá o. Nínú eré 12 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sáà yẹn, 6 ni kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a dúró.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni eré tí wọ́n bá Penn State, ẹgbẹ́ yunifásítì mìíràn, gbá. Ó ku ọ̀la ni wọ́n dá akọ́nimọ̀ọ́gbá dúró, ni Sherrone Moore, igbákejì rẹ̀, bá gba ipò rẹ̀ fún eré náà. Ẹ wo ohun tó ṣe: ìgbà 32 léraléra, wọ́n kàn ń gbé bọ́ọ̀lù sáré ni, wọn ò jù ú. Penn State mọ̀ pé Blake Corum, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré fún Michigan, ló tún ń bọ̀, síbẹ̀ apá wọn ò ká a. 24 sí 15! Nígbà tí wọ́n na gbohùngbohùn sí Moore, ẹkún ló bú sí. (Èmi náà nu ojú, ẹ má sọ fún ìyàwó mi.)

Àmọ́ Harbaugh ló tọ́ ilé náà débi tí kò fi dàrú nígbà tí baálé ò sí. Lẹ́yìn tó lọ sí Chargers, ẹgbẹ́ kan nínú líìgì NFL, tí J.J. McCarthy tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn àti Corum náà lọ, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Michigan fìdí rẹmi ní 2024. Wọ́n ṣáà na Ohio State, ọ̀tá wọn àtayébáyé, 13 sí 10 nílé Ohio State fúnra rẹ̀. Ìyẹn tó mi.