Gba fáìlì lógò rẹ kí o tó san owó tó kù

Àbúrò mi, o ní ọṣẹ dúdú lo ń ṣe nílé ní Òṣogbo, o fẹ́ lógò, o wá ń bèèrè àwọ̀ tó dáa jù, àti bóyá kí o fi Canva, áàpù tí wọ́n fi ń ya àwòrán, ṣe é lórí fóònù tàbí kí o wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, torí egbò ọ̀rọ̀ yìí ò tíì jinná lára mi.

Ní 2019, ní Ìkòròdú, mo gbé iṣẹ́ lógò ọṣẹ tèmi fún ọmọkùnrin kan. Ó ya obìnrin tó ru igbá, ó ya ọ̀pẹ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìtànṣán oòrùn yí i ká, ó wá fi lẹ́tà tó tín-ín-rín bí irun kọ orúkọ ọjà mi sísàlẹ̀. Lójú fóònù, ó rẹwà bí ìyàwó. Ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo san 15,000 náírà fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Mo gbé e lọ sí Ṣómólú, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé. Ọ̀gá ibẹ̀ wò ó, ó ní, “Màmá, fáìlì Corel rẹ̀ dà?” Kí ló ń jẹ́ Corel? Mo ní ohun tí wọ́n fún mi nìyẹn. Ó fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, etí gbogbo lẹ́tà wá rí wúruwùru bí aṣọ tí eku jẹ. Mo pe ọmọ náà, ó ní wọ́n ti jí laptop òun. Lọ́sẹ̀ kejì, laptop ti padà wá, ṣùgbọ́n fáìlì ti di 20,000 náírà. Lógò tí mo ti sanwó rẹ̀! Pẹ̀lú ìbínú ni mo fi ní kí wọ́n tẹ èyí tó wà lọ́wọ́, 2,000 ẹyọ lébẹ̀ẹ̀lì. Àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò lórí fóònù jáde bí ewédú àná. Orúkọ mi ò ṣeé kà. Obìnrin tó ru igbá wá dà bí ẹni tó gbé táyà rù. Pépà lásán ni wọ́n sì fi ṣe é; kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àdín àti òrí inú ọṣẹ fi rin ín, tí yíǹkì fi ṣàn. Ìyá tó ń bá mi tà á l'Óyìngbò dá páálí mẹ́ta padà, ó ní àwọn oníbàárà òun ń bi òun bóyá ọṣẹ èṣí ni.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nìyí. Àwòrán JPEG, irú èyí tó máa ń wà lórí fóònù, àmì kéékèèké ni wọ́n tò jọ. Bí o bá fẹ̀ ẹ́, wọ́n á yọjú. Èyí tí wọ́n ń pè ní vector, bíi CDR (ti Corel tí ọ̀gá yẹn bèèrè nìyẹn), AI, EPS tàbí SVG, ìlà tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò ni, kì í bàjẹ́, ì báà jẹ́ lórí ọṣẹ tàbí lórí pátákó ìta. WhatsApp sì máa ń fún àwòrán pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi Document. Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń ṣe àwọ̀, yíǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń pò pọ̀, ìyẹn ni àwọ̀ ṣe ń kú lórí pépà. Ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan fún ọ wò ná. Sítíkà onínáílọ́ọ̀nù ni kí o lò.

Canva ò burú fún ìdánrawò. Àmọ́ àwòrán inú rẹ̀, gbogbo ayé ló ń lò ó, o ò lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé tìẹ nìkan ni. Ìforúkọsílẹ̀ gan-an, hmm. Òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní tí orúkọ mi bá ti wà ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè lò ó fún ọjà mọ́. Irọ́ gbáà! Mo lọ, mo bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, kó tó yé mi pé ọ̀tọ̀ ni àmì ọjà tí wọ́n ń pè ní trademark, Àbújá sì ni wọ́n ti ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìsọ̀rí ìsọ̀rí ni wọ́n pín ọjà sí níbẹ̀; Class 3 ni ọṣẹ wà. Ọdún 7 lo máa kọ́kọ́ gbà, tí o bá sọ ọ́ dọ̀tun, ọdún 14. Má fi “Ọṣẹ Dúdú” nìkan ṣe orúkọ o, ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ni. Kí ẹni tó ya lógò náà sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbé e fún ọ, torí lójú òfin, ẹni tó yà á ló kọ́kọ́ ni ín, owó tí o san ò yí ìyẹn padà.

Fi ààyè sílẹ̀ lórí lébẹ̀ẹ̀lì fún nọ́ńbà NAFDAC, àdírẹ́sì, èròjà, ìwọ̀n, nọ́ńbà batch (ti ọṣẹ tí o ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) àti ọjọ́. Lógò tèmi ti gba gbogbo ilẹ̀. Má sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń wo làpálàpá sàn. Ojú oògùn ni wọ́n máa fi wò ó.

Áà, àwọ̀ lo bèèrè. Méjì ti tó. Ọṣẹ rẹ dúdú, torí náà jẹ́ kí ilẹ̀ lébẹ̀ẹ̀lì mọ́lẹ̀, funfun tàbí àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́, kí o fi àwọ̀ kan tó dúdú kọ orúkọ. Kọ́kọ́ wò ó ní dúdú àti funfun lásán, kí o dín in kù títí yóò fi tó èékánná àtàǹpàkò. Tí o bá ṣì lè kà á, ó dáa.

O ò sọ bóyá inú ike lo ń kó o sí tàbí o ń gé e ní igun. Tí o bá ń gé e, tí o sì fẹ́ fi òǹtẹ̀ lù ú, kí ìlà lógò nípọn dáadáa, torí ọṣẹ máa ń dí àwọn ihò wínníwínní pa. Sọ bí ọṣẹ náà ṣe fẹ̀ tó, kí n sọ bí òǹtẹ̀ ṣe yẹ kó tóbi tó.