Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Ọmọbìnrin tó Gba Orúkọ Arákùnrin Rẹ̀

Láti ìgbà tí a ti mẹ́nu ba ìwé ìtàn àròsọ She Who Became the Sun, èyí tí Shelley Parker-Chan kọ, tí ó sì jáde ní ọdún 2021, ni lẹ́tà ti ń wọlé sí wa. Fún ẹni tí kò tíì kà á, ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1345, nígbà tí ọ̀dá àti ìyàn mú ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí àwọn Mongol ṣì ń jọba níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ Yuan. Woṣẹ́woṣẹ́ kan sọ fún bàbá kan pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Zhu Chongba, yóò di ẹni ńlá, ṣùgbọ́n òfo ni ìpín ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àwọn ọlọ́ṣà kọlù wọ́n, bàbá kú, ọmọkùnrin náà sì kú tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin yìí gba orúkọ arákùnrin rẹ̀, ó múra bí ọkùnrin, ó wọ ilé àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà, ó sì pinnu pé ìpín ńlá tí wọ́n ní kì í ṣe tòun gan-an ni òun yóò jẹ. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sójú ogun, tí ó sì fẹ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Ma Xiuying. Mo mú mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà. N kò ní sọ bí ìwé ṣe parí.

*

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ìtàn ni mí. Ọkùnrin ni Zhu Yuanzhang tó dá ìjọba Ming sílẹ̀. Ó láya, ó sì bí ọmọ púpọ̀. Kí ló dé tí ẹnìkan yóò sọ ọ́ di obìnrin, tí a ó sì máa yìn ín? Ṣé èyí kì í ṣe bíba ìtàn jẹ́?
(Olùkọ́ tí inú rẹ̀ kò dùn)

Olùkọ́ wa, irú ìbéèrè yín ló pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà tó dé. Òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ nípa ọba náà. Ọdún 1328 ni wọ́n bí i, ní agbègbè tí a mọ̀ sí Fengyang ní ìpínlẹ̀ Anhui lónìí, Chongba sì ni wọ́n ń pè é ní kékeré. Ní ọdún 1344, ọ̀dá, eéṣú àti àjàkálẹ̀ àrùn dé léra wọn, wọ́n sì pa bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà láàárín àkókò díẹ̀. Ní 1378, nígbà tí ó ti jọba fún ọdún mẹ́wàá, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sára òkúta ìrántí níbi ibojì àwọn òbí rẹ̀, tí ó jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé onílẹ̀ kò fún àwọn ní ibi tí àwọn yóò sin òkú sí, àti pé àwọn kò rí pósí. Ó wọ ilé mọ́ńkì kí ebi má baà pa á, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ Oníláwàní Pupa ní 1352, ó gba ìlú tí a ń pè ní Nanjing lónìí ní 1356, ó ṣẹ́gun Chen Youliang, olórí ọlọ̀tẹ̀ mìíràn tó ń bá a du ìjọba, lórí adágún Poyang ní 1363, ó sì gorí ìtẹ́ ní 1368.

Ẹ wá wo ohun tí òǹkọ̀wé náà mú nínú rẹ̀. Ọ̀dá wà níbẹ̀, ebi wà níbẹ̀, ilé mọ́ńkì àti láwàní pupa wà níbẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà nìkan ló yàtọ̀. Kò sì sí ẹni tí yóò ka ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ kó rò pé ìwé ìtàn ilé ẹ̀kọ́ lòun ń kà. Bákan náà, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé ìwé ìtàn ìjọba Ming, èyí tí àwọn òpìtàn ààfin parí ní 1739, sọ pé ní alẹ́ tí wọ́n bí Zhu, ìmọ́lẹ̀ pupa kún inú yàrá débi pé àwọn aládùúgbò sáré wá torí wọ́n rò pé ilé ń jó. Àwọn òpìtàn náà ti rí i pé ó ṣòro láti gbà pé ọmọ tálákà tó ń tọrọ jẹ lè jọba láìjẹ́ pé ọ̀run fọwọ́ sí i, wọ́n sì fi àrà kún un. Ìbéèrè kan náà ni òǹkọ̀wé òde òní yìí ń bi ọ̀run, ṣùgbọ́n ó gbé e sí ẹnu ẹni tí kò sẹ́ni tó rò pé ó lè béèrè.

Bí ẹ bá fẹ́ bá ìwé náà jà ní ti òótọ́, èmi yóò tọ́ka sí ibòmíràn fún yín. Köke Temür, ọmọ tí Chaghan Temür, ọ̀gágun Yuan kan, gbà tọ́, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn jagunjagun tó le jù tí Yuan ní ní òpin ayé wọn. Nínú ìwé yìí, ẹni tí wọ́n dá láti ara rẹ̀ di akọ̀wé tó ń ṣírò owó àti oúnjẹ, tí àwọn jagunjagun ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ó dára fún ìtàn náà, mo gbà, ṣùgbọ́n ó dùn mí fún ọkùnrin náà.

*

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìfẹ́ láàárín ọkùnrin sí ọkùnrin, tàbí obìnrin sí obìnrin, wà ní Ṣáínà àtijọ́, àbí àwọn òǹkọ̀wé ìsinsìnyí ló ń kọ tiwọn lé àwọn ará ìgbàanì lórí?
(Òǹkàwé tó fẹ́ mọ̀)

Ó wà, àwọn òpìtàn wọn sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìpariwo. Nínú ìwé ìtàn ìjọba Han tí Ban Gu kọ ni a ti kà nípa ọba Ai, tó jọba láti ọdún 7 sí ọdún 1 ṣáájú ìbí Kristi, àti Dong Xian, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ràn. Ní ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì sùn, Dong Xian sì sùn lé apá aṣọ ọba. Ọba fẹ́ dìde, kò fẹ́ jí i, ni ó bá gé apá aṣọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni “apá aṣọ tí a gé” ti di orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà ń fi tọ́ka sí ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin, wọ́n sì ń lò ó dòní. Ìtàn Mizi Xia tún wà, ẹni tó jẹ èso píìṣì kan, tó rí i pé ó dùn, tó sì gbé ìlàjì tó kù fún ọba Wei tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ìtàn yìí tàn yín jẹ pé gbogbo nǹkan rọrùn. Ìtàn ọba ni wọ́n. A kì í rí ohun tí olóko tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ fẹ́ nínú wọn. Ọkùnrin tó ní olólùfẹ́ ọkùnrin ṣì gbọ́dọ̀ gbéyàwó kó sì bímọ ọkùnrin tí yóò máa rúbọ sí àwọn baba ńlá ìdílé. Mizi Xia pàápàá, nígbà tí ẹwà rẹ̀ ṣá, ọba náà yí ọ̀rọ̀ píìṣì yẹn padà di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn pé ó fún òun ní àjẹkù. Ní ti ìfẹ́ obìnrin sí obìnrin, ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ kéré gan-an, nítorí àwọn ọkùnrin ló di kálàmù mú. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí ní ohun tó jẹ́ tuntun nínú ìwé yìí, kì í ṣe ìfẹ́ náà. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ohun tí obìnrin ń fẹ́, ìbáà jẹ́ obìnrin bíi tirẹ̀ tàbí ìtẹ́ ọba, ni a fi ṣe òpó ìtàn.

*

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń ka ìwé náà, mo sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún un bí mo ṣe ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo rí i pé nǹkan kan ń sọnù lọ́wọ́ mi. Báwo ni kí n ṣe pe Zhu?
(Ọ̀gbufọ̀ láìròtẹ́lẹ̀)

Mo ti ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ìṣòro tí ẹ bá pàdé yìí wọ inú ìwé náà lọ ju ọ̀pọ̀ àríwísí lọ. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ọkùnrin, ó ní òmíràn fún obìnrin. Nígbà tí a bá wà nínú ọkàn Zhu, ti obìnrin ni òǹkọ̀wé ń lò. Nígbà tí a bá ń fi ojú ẹlòmíràn wò ó, ó di ti ọkùnrin, òǹkàwé a sì tún rántí pé àṣírí kan wà nílẹ̀. Yorùbá kò ní èyí. “Ó” ni gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Lẹ́nu àwọn ará Ṣáínà, “tā” kan náà ni ọkùnrin àti obìnrin. Nínú ìwé kíkọ pàápàá, àmì kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún àwọn méjèèjì títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kí àwọn òǹkọ̀wé bíi Liu Bannong tó gbé àmì ọ̀tọ̀ fún obìnrin jáde ní nǹkan bí ọdún 1920. Zhu kan tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrìnlá kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tí yóò tú u fó. “Ó” tiwa sún mọ́ ayé rẹ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ìtàn rẹ̀ lọ.

Ohun tí èmi yóò ṣe nìyí. Nínú ọkàn rẹ̀, máa pè é ní “ọmọbìnrin náà” níbi tí ó bá pọn dandan, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí kò tíì ní orúkọ kankan nínú ìwé. Lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, kí ó jẹ́ “Mọ́ńkì Zhu”, lẹ́yìn náà “Ọ̀gágun Zhu”. Nígbà tí ipò rẹ̀ bá ga, tí àwọn tó kéré sí i bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ lo “wọ́n”. Ẹ ó rí i pé ọ̀wọ̀ yóò bo àṣírí náà mọ́lẹ̀ ju ìpara-ẹni-dà lọ, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ẹbí o. Nínú èdè Ṣáínà, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní orúkọ tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n obìnrin ní tirẹ̀, nígbà tí “ẹ̀gbọ́n” àti “àbúrò” tiwa kò sọ èwo ni èwo. Níbi tí wọ́n bá ti ń pe Zhu bí ọkùnrin, ẹ fi “ọkùnrin” kún un, kí ìró náà lè dùn ún létí bó ṣe yẹ.

*

Mi ò mọ̀ bóyá kí n káàánú Ọ̀gágun Ouyang ni àbí kí n bínú sí i. Ìwẹ̀fà ni, ó sì kórìíra obìnrin tọkàntọkàn. Kí ló fà á?
(Akẹ́kọ̀ọ́)

Ẹ ṣe méjèèjì. Mo rò pé òun ni òǹkọ̀wé mọ̀ jù lọ nínú gbogbo àwọn tó dá. Ọmọ-aládé Henan, ọ̀kan nínú àwọn olórí Mongol, pa gbogbo ọkùnrin ìdílé rẹ̀, wọ́n dá òun nìkan sí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹrú Esen, ọmọ ẹni tó pa wọ́n. Ó dàgbà di ọ̀gágun lábẹ́ Esen yìí, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ó ti lè sọ jáde lọ. Ẹ̀san àwọn baba rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, olólùfẹ́ rẹ̀ sì ni ẹ̀san náà dojú kọ.

Láti mọ bí ìtìjú rẹ̀ ṣe jìn tó, ẹ rántí pé Ìwé Ìbọ̀wọ̀ fún Òbí, tí gbogbo ọmọ tó ń kàwé ní Ṣáínà àtijọ́ ń kọ́ sórí, sọ pé ara, irun àti awọ wa, ọwọ́ òbí la ti gbà wọ́n, a kò sì gbọdọ̀ pa wọ́n lára. Ìwẹ̀fà ti pàdánù ohun tí wọ́n fún un, kò sì ní bí ọmọ tí yóò máa bọ òkú ìdílé. Sima Qian, òpìtàn ńlá ayé Han, gbà kí wọ́n tẹ òun lọ́dàá dípò kí wọ́n pa òun, kí ó lè parí ìwé rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan pé ìtìjú náà kò kúrò lára òun rí. Kì í ṣe àrà òǹkọ̀wé náà ni pé ìwẹ̀fà ń darí ogun: Tong Guan ṣe é ní ayé Song, ìjọba tó ṣáájú Yuan, Zheng He, tí àwọn ọmọ ogun Ming mú ní kékeré ní Yunnan tí wọ́n sì tẹ̀ lọ́dàá, ni ó sì kó àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá Ming rin ìrìn àjò méje láàárín 1405 sí 1433.

Ní ti àwọn obìnrin, ojú Ouyang rẹwà, àwọn ènìyàn sì ń sọ fún un pé ó jọ obìnrin. Ohun tí wọ́n fi ń nà án lójú ni ó ń kórìíra. Ó rí Zhu, ẹni tí ara rẹ̀ náà kò bá ohun tí ayé ń pè ní ọkùnrin mu, ṣùgbọ́n tí kò tijú rẹ̀, kò sì lè dárí jì í. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn méjèèjì bá dojú kọra, mo máa ń gbàgbé láti mí.

*

Ṣé idán pọ̀ nínú rẹ̀? Mi ò fẹ́ràn idán.
(Ọkùnrin kan)

Kò pọ̀. Zhu ń rí òkú tí ebi ń pa, Àṣẹ Ọ̀run tí ń fún ọba ní ẹ̀tọ́ láti jọba sì máa ń tàn bí iná lára ẹni tó ni ín. Ìyókù jẹ́ ogun, òṣèlú àti ìyàn.

*

Olóòtú mi, obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin ni mí. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ìwé tí irú wa yóò ti jẹ́ akọni. Mo rí i, inú mi dùn, àfi ìgbà tí Zhu bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Mo pa ìwé náà dé, mo sunkún. Ṣé irú wa kò lè ga láìjẹ́ pé a burú ni?
(Ẹ má dárúkọ mi)

Ẹ ṣeun tí ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹ ti pa ìwé náà dé kì í ṣe àìlera. Zhu kò burú torí pé ó fẹ́ràn obìnrin. Ó ń ṣe ohun tí ọba gidi tí wọ́n wò dá a ṣe. Ọba Hongwu, orúkọ tí Zhu Yuanzhang fi jọba, pa ẹgbẹẹgbàárùn-ún ènìyàn nítorí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ tí ó fi kan Hu Weiyong, olórí àwọn ìjòyè rẹ̀, ní 1380 àti Lan Yu, ọ̀gágun rẹ̀, ní 1393, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ àwọn tó bá a jagun. Òǹkọ̀wé tó bá fi obìnrin rọ́pò irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó wá sọ ọ́ di ẹni mímọ́, yóò ti purọ́ fún yín. Kò fún obìnrin náà ní ìdáríjì tí kò fún ọkùnrin. Èmi ka èyí sí ọ̀wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ó dunni.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ padà sínú ìwé náà nítorí Ma Xiuying. Òun ni ó ń sọ fún Zhu pé àwọn tó ń kú ní orúkọ. Ó mọ ohun tí Zhu jẹ́, ó wọlé tọ̀ ọ́ pẹ̀lú ojú tó là, ó fẹ́ràn rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ìfẹ́ pa òun lẹ́nu mọ́. Bí ẹ bá ń wá akọni, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sọ pé kò sí nínú ìwé náà. Mo gbà pé ó yẹ kí òǹkọ̀wé fún un láàyè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé kejì, tó jáde ní 2023, sì wà níbẹ̀ bí ọkàn yín bá gbé e.

Ẹni gidi ni Ma náà. Ọmọ tí Guo Zixing, olórí ọlọ̀tẹ̀ kan, gbà tọ́ ni. Ìtàn tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ sọ pé nígbà kan tí Guo bínú sí Zhu tí kò sì fún un ní oúnjẹ, Ma jí àkàrà gbígbóná gbé, ó fi pamọ́ sí àyà rẹ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀, ó sì jó o lára. Nígbà tí ó di olorì, òun ni ó máa ń bẹ ọba fún ẹ̀mí àwọn tí ó fẹ́ pa. Ó kú ní 1382. Ọba náà kò fi obìnrin mìíràn jẹ olorì mọ́ títí ó fi kú ní 1398.