Ẹ̀rọ ilé ní 118, nọ́ọ̀sì ní 146: èwo ni ká gbà?

Ẹ kú ìnira o, àbúrò mi. Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní ni o. Ẹ ní oyún yín ti pé ọ̀sẹ̀ 31. Ẹ̀rọ tí ẹ rà sílé láti máa fi wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín ń gbé 118 lórí 74 jáde, àmọ́ nígbà tí ẹ lọ fún àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì rí 146 lórí 92. Ẹ wá ń béèrè èwo ni kí ẹ gbà gbọ́, àbí ẹ̀rù ilé ìwòsàn ló kàn ń bà yín. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí ẹ gba ti nọ́ọ̀sì ná. Ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò tó ń bọ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ ilé yín dání, ẹ padà lọ lónìí, kí wọ́n fi tiwọn àti tiyín wọn apá kan náà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, lójú yín. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ tó lè sọ pé ọ̀kan ń purọ́.

Ohun tójú mi rí ló ń jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí. Nínú oyún mi kejì, ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ ni mo ń lò. Ó kéré, n kò sì ní láti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kí n tó lò ó. Wọ́n ti sọ fún mi pé kí n máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, nítorí náà bí mo bá ti lajú láàárọ̀, bí mo ṣe fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ náà ni màá ṣe wà, ọwọ́ ọ̀tún mi á wà lókè lórí ìbàdí, màá tẹ bọ́tìnnì. 112 lórí 70. 109 lórí 68. Ọkàn mi á balẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá gbé 138 jáde, màá ní oorun ni mi ò sùn dáadáa, màá tún un wọ̀n. Bí kò bá wálẹ̀, màá tún un wọ̀n. Èyí tó bá kéré jù nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni màá kọ sínú ìwé. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Oyún àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ mọ́ mi lára, mo sì ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan nípa èyí dára, títí kan iye tí ẹ̀rọ ń sọ.

N kò mọ̀ pé apá tó bá ga ju ọkàn lọ máa ń jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ dà bíi pé ó kéré. Bí omi inú ọ̀pá ṣe rí ni: bó bá ṣe ń gòkè sí ni agbára rẹ̀ ń dín sí. Sẹ̀ǹtímítà 10 péré lókè ọkàn lè yọ bíi 7 tàbí 8 kúrò nínú iye náà. Ẹ wá wo aláboyún tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹ wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó wà lókè yẹn ga dé. Àràárọ̀ ni mò ń yọ 10, 15 kúrò nínú ìfúnpá ara mi, tí mo sì ń dúpẹ́ pé ara mi le.

Ní ọ̀sẹ̀ 33, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi níwájú, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, oògùn ò ràn án. Ojú mi wú débi pé awò ojú mi ń há mi lẹ́bàá etí. Mo wọ̀n ọ́n: 119 lórí 76. Mo padà sùn. Lọ́jọ́ kejì, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yẹ́rẹyẹ̀rẹ lójú mi bí ìgbà tí oòrùn bá ń ta sórí omi, ọkọ mi ò gbọ́ àlàyé kankan mọ́, ó gbé mi lọ. Nọ́ọ̀sì mú mi jókòó, ó wé aṣọ mọ́ apá mi: 168 lórí 112. Ó tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀: 166 lórí 110. Purotéènì kún inú ìtọ̀ mi. Preeclampsia ni wọ́n pè é, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún tó ń ṣe àwọn ẹ̀yà ara mìíràn, bíi kíndìnrín, ní jàǹbá. Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń mú ìfúnpá wálẹ̀, wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ magnesium sulphate kí gìrì má baà mú mi. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ mi jáde, kìlógíráàmù 1.7. Ó lo ọjọ́ 19 nínú ẹ̀rọ amóoru. Ó ti ń kàwé báyìí, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo kọ àwọn 112 yẹn sí ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò lè sọ ọ́ nù.

Ní ti ẹ̀rù ilé ìwòsàn tí ẹ sọ, òótọ́ ni pé ó wà. Ìfúnpá ẹlòmíràn máa ń fò sókè bó bá ti rí aṣọ funfun. Síbẹ̀, aláboyún tí tiẹ̀ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ lójú méjèèjì, torí ó lè di ẹ̀jẹ̀ ríru gidi bí oyún ṣe ń dàgbà. 140 lórí 90 ni ààlà ilé ìwòsàn: bí ti òkè bá tó 140 tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 90, tí wọ́n tún un wọ̀n tó ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Nílé, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń ka 135 lórí 85 sí ẹgbẹ́ rẹ̀, torí ara máa ń balẹ̀ nílé ju ibẹ̀ lọ. Bí ti òkè bá di 160 tàbí ti ìsàlẹ̀ di 110, pàjáwìrì ni, ẹ ò gbọdọ̀ fi sùn. Ohun mìíràn tó máa ń tan èèyàn ni pé ìfúnpá máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ní àárín oyún, bí ọ̀sẹ̀ 20 sí 24, kó tó tún máa gòkè padà. Nítorí náà, ẹ bá mi wá iye tí wọ́n kọ sí káàdì yín ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, òun ni kí ẹ fi wé ti ìsinsìnyí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá, torí kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí àfi ìgbà oyún kẹta. Agbẹ̀bí kan mú okùn tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ, ó wá ìdajì ibi tó wà láàárín orí èjìká àti ìgúnpá mi, ó wọ̀n ọ́n yíká: sẹ̀ǹtímítà 35. Ó ní kí n ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára aṣọ ẹ̀rọ mi. 22 sí 32 ló wà níbẹ̀. Ó fi aṣọ náà wọn ìfúnpá mi, ó rí 148 lórí 94. Ó pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó tóbi, a jókòó díẹ̀, ó tún un wọ̀n: 134 lórí 84. Apá kan náà, àga kan náà. Aṣọ tó bá kéré fún apá máa ń gbé iye náà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó bá tóbi jù máa ń já a wálẹ̀, ìyẹn sì léwu fún àwọn tí apá wọn tín-ín-rín tí wọ́n ń yá ẹ̀rọ ẹni tó sanra lò. Rọ́bà inú aṣọ náà tó ń gba afẹ́fẹ́ yẹ kó yí bíi ìdá 80 nínú 100 apá ká. Apá yín lónìí sì lè má jẹ́ apá tí ẹ ní ní oṣù kejì oyún, torí ara ń wú, ara ń gbà sí i. Ẹ tún un wọ̀n.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ti ọrùn ọwọ́ sílẹ̀. Èyí tó ń wú fúnra rẹ̀ lápá kì í gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ bíi ti nọ́ọ̀sì tó fi nǹkan sétí. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbọ̀n ló ń wò, tó fi ń ṣírò iye. Preeclampsia máa ń da ìṣírò yẹn rú, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á sì sọ iye tó kéré sí òtítọ́, nígbà tí ewu pọ̀ jù gan-an. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ti dán wò lára àwọn aláboyún, pàápàá àwọn tó ní preeclampsia. STRIDE BP, àjọ àgbáyé tó ń yẹ ẹ̀rọ ìfúnpá wò, ní àkójọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ya ti oyún sọ́tọ̀. Ẹ wá orúkọ àti nọ́ńbà tiyín níbẹ̀. Pé wọ́n kọ “dókítà fọwọ́ sí i” sára páálí rẹ̀ kò tó.

Ti nọ́ọ̀sì náà lè ní àléébù. Ó yẹ kó máa tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iye òkè ni ibi tí ìró ti kọ́kọ́ dún, ti ìsàlẹ̀ ni ibi tó ti pòórá pátápátá. Bí ẹ bá rí i pé gbogbo ohun tó wà nínú káàdì yín ń parí sí òdo, 120 lórí 80, 110 lórí 70, 130 lórí 80, ẹ fọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá yín tún un wọ̀n.

Bí mo ṣe ń ṣe é nílé nínú oyún kẹta nìyí. Màá kọ́kọ́ lọ tọ̀, torí ìtọ̀ tó kún inú máa ń gbé e sókè. Màá jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, n kò ní gbé ọ̀kan lé èkejì. N kò ní mu kọfí tàbí ṣiṣẹ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Apá á wà lórí tábìlì, màá fi ìrọ̀rí tì í lábẹ́ kí aṣọ náà bá àyà mi dọ́gba, orí awọ ara ni màá sì wé e sí. Ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, láìwo fóònù. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi pè mí bí ẹ̀rọ ṣe ń wú, mo dá a lóhùn: 139. Mo pa ẹnu mọ́, mo sinmi, mo tún un wọ̀n: 128. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀ bó ṣe rí, èyí tó wù yín àti èyí tí kò wù yín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ wọn apá méjèèjì. Èyí tó bá ga jù ni kí ẹ máa lò lọ. Ẹ má ṣe nà gbalaja lórí ẹ̀yìn láti wọ̀n ọ́n, torí ilé ọmọ á tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, òòyì á kọ́ yín, iye náà á sì já.

Bí orí bá ń fọ́ yín tí kò lọ, tí nǹkan bá ń tàn lójú yín, tí ọwọ́ tàbí ojú bá ṣàdédé wú, tí abẹ́ ìhà ọ̀tún bá ń dùn yín, tàbí tí èémí ò bá já gaara, ẹ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má jókòó ti ẹ̀rọ. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, 119 lórí 76, mo padà sùn.

Bí ẹ bá sì bímọ tán, ẹ má tíì kó ẹ̀rọ náà pa mọ́. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà ni ìfúnpá máa ń ga jù, preeclampsia sì lè yọjú títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ọjọ́ karùn-ún tí mo bí ọmọ kẹta, mo jókòó sórí àga yẹn, ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo rí 158 lórí 104. Mo dúró ìṣẹ́jú kan, mo tún un wọ̀n: 156 lórí 102. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀, mo gbé ọmọ, a lọ. Oògùn ni mo lò fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Kí ẹ tó jáde lọ bá wọn lónìí, ẹ fi okùn télọ̀ wọn apá yín, kí ẹ wo iye tó wà lára aṣọ ẹ̀rọ yín, kí ẹ sì sọ méjèèjì fún mi.