Celtics lọmọ ń wí, Rockets ni bàbá ẹ̀ ń wí

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí wa. Massachusetts la wà. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún mẹ́rìnlá, kò sọ́rọ̀ míì lẹ́nu ẹ̀ ju Boston Celtics lọ. Houston ni bàbá ẹ̀ ti kàwé nígbà tí Hakeem Olajuwon ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, tiwọn ò kọjá Rockets, tíìmù ìlú náà. Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n ń jiyàn lórí tíìmù tó tóbi jù láti ìgbà tí NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, ti wà. Ọmọ ní ife méjì kì í ṣẹgbẹ́ ife méjìdínlógún, ó wá fi òyìnbó sọ fún bàbá ẹ̀ lójúkojú pé irọ́ ni, torí pé Yorùbá ni Hakeem ni wọ́n ṣe ń gbè é. Bàbá ẹ̀ pa tẹlifíṣàn, wọ́n ní irú ọmọ wo ló ń já bàbá ẹ̀ nírọ́. Láti ọjọ́ náà "ẹ káàárọ̀" nìkan ló kù láàárín wọn. Ta ló jàre, kí ni kí n ṣe?

Èsì: Màmá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Houston lèmi ń gbé, mo ti wà níbí kí Rockets tó gba ife àkọ́kọ́ wọn ní 1994, mo sì lọ́mọkùnrin tèmi náà, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń dá yín lóhùn. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti bọ́ọ̀lù ná, torí iyàn gidi làwọn méjèèjì ń jà.

Ọmọ yín ò parọ́. Celtics ní ife 18, èyí tí wọ́n gbà mọ́ Dallas lọ́wọ́ ní 2024 ló mú wọn kọjá Lakers tó ní 17, márùn-ún nínú ti Lakers yẹn sì rèé, Minneapolis ni wọ́n ti gbà á kí wọ́n tó kó lọ sí Los Angeles ní 1960. Ẹ̀ẹ̀mejìlá làwọn méjèèjì ti pàdé ní àṣekágbá, Celtics borí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Kì í tún ṣe ife nìkan o, Celtics ló kọ́kọ́ mú aláwọ̀ dúdú nígbà tí wọ́n ń yan àwọn ọmọ tuntun ní 1950, Chuck Cooper lórúkọ ẹ̀, àwọn náà ló fi Bill Russell, agbábọ́ọ̀lù wọn, ṣe kóòṣì ní 1966 nígbà tí kò sí tíìmù NBA kankan tó gbé irú ipò yẹn fún dúdú rí. Tó bá jẹ́ tíìmù lódindi, látìbẹ̀rẹ̀ dòní, Celtics lèmi máa mú, bẹ́ẹ̀ aṣọ Hakeem tó ní 34 lẹ́yìn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Àmọ́ bàbá ẹ̀ náà lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ife 11 ni Russell gbà láàárín sáà 13, 1957 sí 1969, tíìmù mẹ́jọ péré ló sì wà nínú líìgì nígbà tó dé, lónìí wọ́n jẹ́ 30. Ẹ wá wo Rockets 1995. Ipò kẹfà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, wọ́n na Utah tó ti borí nígbà 60 ní sáà yẹn, wọ́n na Phoenix tó ti fi 3-1 ṣáájú wọn, wọ́n na San Antonio tó borí nígbà 62, wọ́n wá gbo ewúro sójú Orlando, 4-0. Kò tíì sí tíìmù míì tó ti ipò tó rẹlẹ̀ tó yẹn gba ife títí di bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Ẹni tó bá ní torí Yorùbá ni, kó lọ wo ohun tí Hakeem fojú David Robinson ti San Antonio rí lọ́dún yẹn, Robinson tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lámì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù. Hakeem á kọ̀yìn sí i, á mi èjìká sọ́tùn-ún, Robinson á fò, kó tó balẹ̀ Hakeem ti yí gba òsì, bọ́ọ̀lù ti wọnú àwọ̀n. Ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ló ń gbá tẹ́lẹ̀ ní Lagos nìyẹn. Bulls ti Chicago, tíìmù Michael Jordan, dé àṣekágbá lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo gbà, àmọ́ ẹ yọ Jordan kúrò, èló ló kù?

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an rèé. June 2014, Spurs ti San Antonio na Miami, ife karùn-ún wọn nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá kí wa láti Ìbàdàn lásìkò yẹn. Ọmọ mi ò ju ọmọ yín lọ nígbà náà, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì láti ilé ìwé wà ní pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi Yorùbá ròyìn Hakeem, wọ́n ní kò sí tíìmù míì ní Texas lẹ́yìn Rockets. Ọmọ gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó ní "no, no, no", ó mú báírò, ó kọ àwọn ọdún tí Spurs gba ife, 1999, 2003, 2005, 2007, 2014, sẹ́yìn ẹ́ńfílọ́ọ̀pù kan tó wà lórí tábìlì, ó fọwọ́ òsì tì í síwájú bùrọ̀dá mi, ó tún fìka gbá a pó, pó. Ọwọ́ òsì. Gbogbo pálọ̀ dákẹ́. Mo ní kó dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, lójú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó dìde, wọ́n ń ṣàdúrà fún un, inú ò tiẹ̀ bí wọn tó bí mo ṣe rò. Lọ́jọ́ kejì wọ́n mú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù yẹn wá bá mi pé kí n ṣàlàyé àwọn ọdún yẹn, mo bá ṣàlàyé Tim Duncan ọmọ Virgin Islands, Tony Parker ará Faransé, Ginobili ará Argentina, bí wọn ò ṣe kúrò láàárín àwọn tó ń du ife láti 1998. Wọ́n ní ọmọ yìí mú ẹ̀rí dání o, pè é wá ká parí ẹ̀. Mo pè é. Ó ní òun ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Kò jókòó sí pálọ̀ mọ́ títí wọ́n fi padà sílé, ẹ̀gbọ́n mi sì ti dolóògbé, wọn ò rí ara wọn mọ́.

Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni wá bi mí pé kí ló dé tí mo ní kó dọ̀bálẹ̀. Bàbá tèmi ò ní sọ̀rọ̀ rárá kọ́wọ́ tó ba ẹ̀rẹ̀kẹ́. Pé wọ́n bí ọmọ sí Amẹ́ríkà ò ní kó má mọ àgbà. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ọmọ mi ò bá mi jiyàn mọ́ lórí ohunkóhun. Ó ti ń dá gbé, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń pè wá déédéé, ọmọ dáadáa ni, kò sì sóhun tí mo lè sọ tó máa já ní koro. Ní 2021 tí Giannis Antetokounmpo gbá 50 wọlé mọ́ Phoenix lọ́wọ́, tí Bucks, tíìmù ẹ̀, gba ife kejì wọn, tí wọn ò gbà rí láti 1971, mo pè é lóru ọjọ́ yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé Bucks ti kọjá Spurs báyìí. Ife méjì sí márùn-ún! Mo ń retí kó pariwo lé mi lórí. Ó ní "okay, Dad".

Ṣebí àwa náà jiyàn nílé. Lórí IICC Shooting Stars àti Stationery Stores, níwájú àwọn bàbá wa, tohùn tohùn. A kàn mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni, o máa ní "ẹ má bínú sà" kó o tó já wọn nírọ́, tí òwe bá sì bọ́ lẹ́nu ẹ o máa yára ní "tótó, ó ṣe bí òwe o", wọ́n á ní wàá rí òmíràn pa, iyàn ń lọ. Ọmọ mi ò ní ìkankan nínú ẹ̀. Òyìnbó àwọn tó ń jágbe mọ́ra wọn lórí tẹlifíṣàn nìkan ló ní láti fi jiyàn, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ ọ. Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n ní nílé ìwé pé èdè méjì á dà á lọ́kàn rú, iṣẹ́ alẹ́ lèmi àti ìyá ẹ̀ ń ṣe nígbà yẹn, ta ló fẹ́ rágbára bá wọn fà á? Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí.

Nítorí náà màmá wa, ẹ má ní kọ́mọ lọ bẹ bàbá ẹ̀ ná. Ti àpọ́nlé yẹn, ẹ ṣì máa kọ́ ọ, mi ò mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbé e gbà nítorí èmi gan-an ò rí i ṣe, bóyá kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí "ẹ má bínú sà" yẹn. Àmọ́ kí bàbá ẹ̀ ló kọ́kọ́ tan tẹlifíṣàn. Kí wọ́n wá eré Rockets àti San Antonio ti 1995 yẹn jáde, ó wà lórí YouTube, kí wọ́n ní "ó dáa, ife 18 ni, mo gbà, wá ṣàlàyé tíìmù mẹ́jọ ìgbà Russell fún mi". Kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́. Tí ọmọ bá fèsì, ẹ má dá sí i, kódà kó jẹ́ òyìnbó ló fi fèsì, kódà kóhùn ẹ̀ lọ sókè.