Ṣé másùnmáwo lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ ọdún 40 ni mí. Mowe ni mo ń gbé, Lagos Island ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báńkì, aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo sì ń jáde nílé. Orí ń fọ́ mi láràárọ̀, oorun kì í kùn mí lóru, ìfúnpá mi sì jẹ́ 150/95. Ṣé másùnmáwo ló fà á? Ṣé kí n ra oògùn oorun?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnira o. Másùnmáwo lè lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra oògùn oorun.

Bí ìpáyà bá dé bá wa, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan máa ń tú àwọn èròjà tí ń ta ara jí, ìyẹn adrenalínì àti kọ́tísọ́ọ̀lù, sínú ẹ̀jẹ̀: ọkàn á máa sáré lù, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún, ẹ̀dọ̀ á sì tú ṣúgà síta kí a lè sá tàbí kí a jà. Bí ewu bá kọjá, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Àmọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tágẹ́ẹ̀tì ọ̀gá àti owó ilé-ìwé kì í kọjá bọ̀rọ̀. Kọ́tísọ́ọ̀lù tó yẹ kó ga láàárọ̀ kó sì wálẹ̀ lálẹ́ lè máà wálẹ̀ mọ́, oorun á sì sá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà, nítorí ojú oorun ni ìfúnpá ti máa ń sọ̀kalẹ̀. Bó bá pẹ́, ṣúgà lè gòkè, ọ̀rá sì lè gbá jọ sí ikùn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n wo ìfúnpá kò tó. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa wò ó nílé láàárọ̀ àti lálẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, tí ẹ fẹ̀yìn ti àga, tí apá yín sì wà lórí tábìlì. Bí ó bá ń tó 135/85 lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ gbé àkọsílẹ̀ náà tọ dókítà lọ, ẹ má retí pé ìsinmi nìkan á wò ó sàn.

Ní ti másùnmáwo fúnra rẹ̀, oorun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin yẹ kó ti sùn kí aago mẹ́sàn-án tó lù; WhatsApp ibi iṣẹ́ á dúró di àárọ̀, kọfí kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọ̀sán. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ máa rọra fa èémí sínú, kí ẹ sì tú u jáde pẹ́ ju bí ẹ ṣe fà á lọ, fún ìṣẹ́jú 5.

Ẹ tún bi ẹni tí ẹ jọ ń sùn bóyá ẹ máa ń hanrun, tí èémí yín sì ń dá dúró lójú oorun. Orí tó ń fọ́ yín láràárọ̀ ló mú mi béèrè: àìsàn kí èémí máa dá dúró lójú oorun yẹn máa ń gbé ìfúnpá sókè, àwọn oògùn oorun kan sì lè mú kó burú sí i.